Ìwé Tí Mo Fi Lé Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ibà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò sì ní pẹ́ dúró, nítorí náà ohun tí mo ti gbé mì láti ọdún mẹ́sàn-án ni mo fẹ́ bì jáde. Èmi aránṣọ tó kọ́ ara ẹ̀ ní ìwé, mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni rí. Obìnrin kan péré ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí.

Alágbàtà ilé ni. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ là ń pè é, torí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó máa ń dún ní ìbàdí rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ta ilé tí ọkọ mi fi sílẹ̀, a jọ bu ọwọ́ lu ìwé pé fún oṣù mẹ́fà, òun nìkan ni yóò máa wá oníbàárà. Bó bá sú mi, kí n fi ìwé sọ fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú. Àmọ́ ẹni tó bá ti mú wá kí ọjọ́ yẹn tó pé, bí onítọ̀hún bá ra ilé, ẹ̀tọ́ alágbàtà dúró. Ó kà á sí mi létí, ó ní, “Àǹtí, ẹ béèrè ohun tí kò bá yé yín o.” Ó yé mi kedere. Ẹ̀ṣẹ̀ àìmọ̀ kọ́ ni mo dá.

Ní oṣù kẹrin, ó mú ọ̀gá ilé-ìwé kan wá. Ọkùnrin yẹn ò tíì dé yàrá kejì tó ti ń sọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà. Ojú mi wá wọ owó iṣẹ́ alágbàtà. Kí ló ṣe ju pé ó ṣí ilẹ̀kùn! Mo lọ bá àbúrò mi, akọ̀wé lọ́fíìsì lọ́yà, kó wá ọ̀nà tí mo lè gbà bọ́ nínú àdéhùn.

“Ṣé ó parọ́ fún yín ni?”

“Rárá.”

“Ṣé ó ń gbowó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra ilé?”

“Rárá.”

“Àbí kò ṣiṣẹ́?”

“Ìwọ náà! Obìnrin tí ìrìn iṣẹ́ ti jẹ bàtà ẹ̀ tán!”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lè kọ̀wé lónìí, kí ẹ ka ọgbọ̀n ọjọ́. Àmọ́ ọ̀gá ilé-ìwé ti wọlé ná. Àfi tí ìwé yín bá ti ṣáájú ẹ̀.” Ó sọ ọ́ tán, ó wolẹ̀. Ó kábàámọ̀ ẹnu ara ẹ̀. Èmi ò kábàámọ̀.

Gbogbo ìgbà tí Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ bá gba kọ́kọ́rọ́ ilé mi, ó gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lu bébà. Tó bá dá a padà, òmíràn. Èmi onífura ni mo gbé òfin yẹn kalẹ̀. Ó ti bu ọwọ́ lu irú ẹ̀ púpọ̀ débi pé kì í kà á mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo kó mẹ́ta fún un. Èyí tó wà nísàlẹ̀ sọ pé ó ti gba ìwé tí mo fi fòpin sí àdéhùn wa. Mo fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ lófìfo. Ó bu ọwọ́ lu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkà wọ́n, ó ní, “Àǹtí, ẹ máa fi ìwé pa mí o!” A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ìkà: mo rẹ́rìn-ín. Ó lọ tán, mo kọ ọjọ́ tó fi oṣù kan ààbọ̀ ṣáájú ìgbà tí ọ̀gá ilé-ìwé wá.

Mo ta ilé fún ọkùnrin náà. Nígbà tí obìnrin yìí béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, mo fà á dé iwájú ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà, mo ní oníjìbìtì ni, pé ó ń béèrè owó lórí àdéhùn tó ti parí.

“Àǹtí, ẹ wo ojú mi. Ìgbà wo lẹ fún mi níwèé?”

Mo wo ojú ẹ̀, mo na ìwé náà sí i. “Ṣé ọwọ́ ẹ kọ́ nìyí?”

Ó wò ó títí. “Ọwọ́ mi ni.” Kò lè purọ́, kódà kó fi gba ara ẹ̀ là. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lójú mi.

Lánàá mo ránṣẹ́ pè é, mo jẹ́wọ́. Kò sunkún, kò bú mi. Ó ní, “Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń rò ó pé orí mi ló dàrú, tí mo gbàgbé ìwé. Mi ò lè sùn.”

Ẹ̀yin ọmọ, àdéhùn tó bá sú yín, ẹnu ọ̀nà tí ẹ jọ fọwọ́ sí ni kí ẹ gbà jáde. Ẹ má da ògiri wó lu ẹlòmíì. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́, orí yín pé. Èmi ni mo purọ́. Ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà sùn.