Akunlé Tó Ń Kùn

Bisimilahi. Ẹ̀yin jámáà, ẹ̀yin ìyá wa tó wà lẹ́yìn aṣọ títa, mo ṣèlérí níwájú Ọlọ́hun pé ìtàn òní kò ní gùn. Mo mọ̀ pé mo ṣe irú ìlérí yìí ní Jímọ̀ tó kọjá. Ìyẹn ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ wa dá lórí àbá dídá burúkú. Kí ni mo pè bẹ́ẹ̀? Kí mùsùlùmí jókòó sílé rẹ̀, kó máa ṣe ọlọ́pàá ọmọnìkejì rẹ̀, kó máa ṣe ẹlẹ́rìí, kó tún ṣe adájọ́, títí kò fi ní ráyè kírun mọ́. Ọlọ́hun kọ̀ ọ́ fún wa. Ó sì máa ń ba pákó jẹ́. Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa gbọ́ ti pákó.

Alhaji kan wà ní ìlú kan. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, kí ẹ má baà mọ̀ pé ó sún mọ́ ibí. Ẹ jẹ́ ká pe Alhaji náà ní Bádírù, nítorí orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá rẹ̀ kọ́ ló ń gbé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ibẹ̀ sì jẹ́ pákó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ so yìgì Mútíátù ọmọ rẹ̀. Àwọn àna ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn, orí pákó yẹn sì ni àwọn àgbà máa jókòó sí.

Alhaji ní, "Àbààwọ́n kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ wà nílé yìí lójú àna. Bí wọ́n bá rí i lára ògiri, wọ́n á ní ó wà lára ọmọ."

Ó wá ń wá akunlé. Ẹni àkọ́kọ́ dé, Alhaji ní ojú rẹ̀ dán jù. Ẹni kejì kò béèrè owó púpọ̀, ìyẹn gan-an ló ba Alhaji lẹ́rù. Ẹni kẹta dọ̀bálẹ̀ kí i, Alhaji ní, "Kí ló ń wá nílẹ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká pe Táíbù àdúgbò wa. Gbogbo ilé òpópónà yìí, òun ló kùn wọ́n."

"Gbogbo rẹ̀? Òun nìkan? Kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé?"

Wọ́n pe Táíbù. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Bí ẹ bá wo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí ilé gbogbo yín lára rẹ̀. Alhaji gbé àga sí ìsàlẹ̀ àkàbà, ó ń ṣọ́ ọ. Ó ki ìka bọ inú ọ̀dà, ó fi kan ahọ́n.

"Táíbù, omi ti pọ̀ jù nínú èyí."

"Alhaji, ẹ má tọ́ ọ wò mọ́. Ọ̀dà ni, kì í ṣe ọbẹ̀."

Ní ọjọ́ kẹta ni Alhaji wá ṣàkíyèsí pé Táíbù ń kùn. Ẹ gbọ́ mi yé o. Pé ó ń kun ògiri, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un nìyẹn. Èyí tí mo ń sọ ni pé ẹnu rẹ̀ ń kùn, bí oyin inú igi. Búrọ́ọ̀ṣì lọ sókè, ó ń kùn. Búrọ́ọ̀ṣì wá sílẹ̀, ó ń kùn. Wọ́n gbà á pé kó wá kùn, ó wá ń kùn!

Alhaji fa ìyàwó rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. "Kí ni ọkùnrin yìí ń sọ sára ògiri mi?"

"Ẹ ò ṣe bi í?"

"Ta ló ń bi olóògùn léèrè oògùn?"

"Alhaji, ẹ tún ti dé nìyẹn."

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, tí yìgì ku ọ̀la, Táíbù fi fáníṣì kun pákó òkè. Ó ń dán bí ojú omi. Àṣé Táíbù ti gbàgbé àpò rẹ̀ lára ìṣó, ní òdìkejì pákó pátápátá. Ó ní, "Kò burú, màá mú un lọ́la. Alhaji, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ibẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Akunlé láti ọgbọ̀n ọdún, ó gbàgbé àpò? Alhaji rò ó, kò bá a mu.

Ladani pe ìrun Alásárì. Táíbù ní, "Alhaji, ṣé ká jọ máa lọ?"

"Máa lọ, mò ń bọ̀."

Ẹ̀yin jámáà, ó ti ṣe àlùwàlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Ìmáámù ń ké Allahu Akbar lọ́hùn-ún, Alhaji bọ́ bàtà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ìró, ó gba orí fáníṣì kọjá, ó lọ tú àpò mùsùlùmí bíi tirẹ̀. Gààrí ló kọ́kọ́ rí. Ó rí tẹsùbáà. Ó wá rí bébà kékeré kan tí wọ́n kọ orúkọ sí: Mútíátù, àti ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ẹ.

Ọkàn rẹ̀ já. Inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀, nítorí kò sí ohun tó dùn mọ́ oníìfura tó pé kó jẹ́ òótọ́ ló rò.

Táíbù kò tíì gun àtẹ̀gùn tán tí Alhaji fi na bébà náà sí i. "Kí ni orúkọ ọmọ mi ń wá nínú àpò rẹ?"

Táíbù ní, "Mútíátù ló kọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ tó gbé omi wá. Ó ní kí n máa bá àwọn tọrọ àlùbáríkà. Àdúà náà ni mò ń kùn láti ọjọ́ yẹn. Alhaji, akunlé máa ń rí inú ilé onílé láti ojú fèrèsé. Bí ẹnu mi bá wà lórí àdúà, kò ní ráyè ròyìn ohun tí ojú mi rí." Ó wo ìṣó tó ṣófo lọ́hùn-ún. "Ṣùgbọ́n òdìkejì pákó ni àpò yẹn wà. Báwo lẹ ṣe débẹ̀?"

Àwọn méjèèjì wo ilẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ lọ, ipa ẹsẹ̀ bọ̀. Èyí tó jẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì kò ju ìka mẹ́rin lọ, nítorí ọ̀kadà ti gba ìka tó kéré jù lọ́wọ́ Alhaji lọ́jọ́sí.

Ó gbọ́dọ̀ gbẹ tán kí wọ́n tó lè tún un kùn, kò sì ní gbẹ lẹ́ẹ̀kejì kí àna tó dé. Táíbù mí kanlẹ̀. "Bó bá gbẹ, ẹ tẹ́ ẹní lé e."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí fáníṣì gbẹ, wọ́n tẹ́ ẹní. Àna dé. Bàbá ọkọ ń wo ògiri, ó ń mi orí. "Ta ló kunlé yìí? A ń kọ́ mọ́sálásí lọ́dọ̀ wa, irú akunlé yìí la ń wá." Wọ́n fi Táíbù hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n rí iṣẹ́ rẹ̀ lára pákó náà." Ó sì ká ẹní sókè.

Ipa ẹsẹ̀ ni bàbá ọkọ bá lábẹ́ rẹ̀.

"Háà! Akunlé tó ń fẹsẹ̀ tẹ iṣẹ́ ara rẹ̀? Ẹni tí kò lè ní sùúrù fún fáníṣì, ṣé òun la máa gbé ilé Ọlọ́hun fún?"

Táíbù ní, "Ẹ̀bi tèmi ni, sà. Èmi ni mo gbàgbé àpò síbẹ̀."

Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Ẹ wá wo Alhaji. Ìbọ̀sẹ̀ funfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ilé rẹ̀ kò lábààwọ́n, iṣẹ́ Táíbù ló bọ́. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ má dáhùn, mo ń rí ojú yín.

Alhaji bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ òsì, ó gbé ẹsẹ̀ lé ojú ipa náà. Ó ṣe wẹ́kú bí ìdérí lórí ìkòkò.

"Ẹsẹ̀ mi ni," ó ní. "Ó lọ kírun, èmi ń tú àpò rẹ̀."

Bàbá ọkọ wo ìka ẹsẹ̀ náà pẹ́, bí ẹni ń kà á. Ó jókòó. "Ẹ jẹ́ ká so yìgì. Ẹni tó lè bọ́ ìbọ̀sẹ̀ níwájú àna, a lè fẹ́ ọmọ rẹ̀." Ó wá yíjú sí Táíbù: "Ìwọ, ìgbà wo lo máa ráyè wá sí Ìsẹ́yìn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò yín, iṣẹ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò, ẹ má yẹ àpò wò. Bó bá ń kùn, ẹ ṣe àmín. Kí Ọlọ́hun fọ ọkàn wa mọ́ kúrò nínú àbá burúkú, kó fi wá mọ̀nà, kó má jẹ́ kí ìfura gba ìrun lọ́wọ́ wa. Àmín.

Ó ku nǹkan kan. Alhaji náà wà láàárín wa níbí. Òun ló ní kí n sọ ọ́, kí n sáà má dárúkọ òun. Nítorí náà, àṣírí ni o. Bí a bá jáde, tí oníkálukú ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín, ẹ má ka ìka ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.