Bọ́ọ̀nsì tí Bàbá Fúnkẹ́ jẹ nílé mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sì sọ ọ́ fún Pásítọ̀ wa. Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ ọ́ báyìí ni pé Ìyá Fúnkẹ́ ránṣẹ́ sí mi láti Ìjẹ̀bú. Ó ní òun ń bọ̀ wá kí mi ní Ajangbadi lẹ́yìn Àjíǹde. Òun ni mo ṣẹ̀, kò sì mọ̀.

Ọlọ́run ti ṣe mí lóore púpọ̀. Ilé ìwé ìjọ ló kọ́ mi níwèé, ìjọ náà ló fi mí ṣe díákónẹ́ẹ̀sì. Nínú ìjọ wa, ọtí jẹ́ èèwọ̀. Ẹni tó bá mu ún, wọ́n á dá a dúró, kò ní bá wa jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Èmi gan-an ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin pé kí wọ́n má fẹ́ ọ̀mùtí.

Lẹ́yìn ọdún 1985, mò ń ránṣọ fún ìyàwó olùkọ́ yunifásítì kan ní ẹ́sítéètì Ìbà. Òun ló kọ́ mi ní bọ́ọ̀nsì tí wọ́n ń jẹ nígbà Àjíǹde. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dín sínú òróró o. Yíyan ni wọ́n ń yan án, pẹ̀lú kànáfùrù lílọ̀ àti àjàrà gbígbẹ. Obìnrin náà máa ń rẹ àjàrà náà sínú búrándì mọ́jú. Bí bọ́ọ̀nsì bá ti jinná, á po omi àjàrà yẹn mọ́ ṣúgà, á fi pa á lórí kó lè máa dán.

Mo tọ́ ọ wò, ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní ààrò òyìnbó, yanrìn ni mo dà sínú ìkòkò ńlá lórí sítóòfù, tí mo sì ń gbé agolo lé e. Mi ò ní búrándì náà. Mo lọ ra ògógóró lọ́wọ́ obìnrin Ègùn kan nítòsí Okokomaiko, níbi tí ará ìjọ kankan ò ti mọ̀ mí. Mo sọ fún ara mi pé iná á jó ọtí inú rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ń pa á lórí, iná ò kàn án. Mo mọ̀.

Bàbá Fúnkẹ́ ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Káfíńtà ni, bí àbúrò ló sì ṣe rí sí mi. Ọtí ti lé ìyàwó rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ tọmọtọmọ. Nígbà tó wá di onígbàgbọ́, ó ṣèlérí láti fi ọtí sílẹ̀ pátápátá, ó sì mú un ṣẹ. Àwọn alàgbà bá lọ bẹ ìyàwó, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì gbà láti wá sílé Pásítọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì Rere, lẹ́yìn ìsìn. Tí ó bá rí i pé ọkọ òun ti yí padà, kò ní padà sí Ìjẹ̀bú mọ́.

Gbogbo wa la gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà títí ìsìn fi parí. Bí a ṣe kúrò níbi ìsìn, Bàbá Fúnkẹ́ yà sọ́dọ̀ mi, torí kò sẹ́ni tó ń dáná fún un. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa bọ́ọ̀nsì lórí tán ni.

"Ìyá Ṣọlá, kí lẹ fi sí i? Ó ń ta sánsán."

"Kànáfùrù ni. Jẹun, o jàre. O ò lè máa gbọ̀n níwájú àna."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún fún mi sí i nígbà náà, kí n lè lágbára láti dọ̀bálẹ̀ dáadáa."

Inú òfìfo ló fi jẹ ẹ́. Ó tún lá omi ṣúgà orí rẹ̀ kúrò lọ́wọ́.

Mo tẹ̀ lé e lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n ìyàwó sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé e dìde. Ló bá fà sẹ́yìn.

"Pásítọ̀, àwẹ̀ lẹ ní ẹ gbà. Irú àwẹ̀ wo ló ń rùn báyìí?"

Pásítọ̀ sún mọ́ ọn, òun náà gbóòórùn rẹ̀. Bàbá Fúnkẹ́ ní bọ́ọ̀nsì nìkan ni òun jẹ nílé Ìyá Ṣọlá. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Pásítọ̀ bi mí pé:

"Màmá Díákónẹ́ẹ̀sì, ṣé ọtí wà nínú bọ́ọ̀nsì yín?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n mo ro ipò mi, mo ro àwọn ọmọbìnrin tí mò ń kọ́. Mo ní, "Rárá, sà."

Bàbá Fúnkẹ́ wò mí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Fúnkẹ́, mi ò mutí." Obìnrin náà fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n lọ. Mo sáré délé, mo da bọ́ọ̀nsì tó kù sínú ṣáláńgá.

Wọ́n dá a dúró nínú ìjọ. Lọ́jọ́ kan, ó bá mi nídìí kànga. Ó ní, "Nígbà tí ẹ ní rárá ni mo tó mọ ohun tó ń ta sánsán. Mo ń dúró kí ẹ lọ bá Pásítọ̀ fúnra yín. Tí èmi bá sọ ọ́, ta ló máa gbà mí gbọ́?" Mo ní mi ò mọ ohun tó ń sọ.

Kò pẹ́ tó fi padà sídìí ọtí. Ọtí náà ló sì pa á. Pásítọ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù, pé ajá ti padà sí èébì rẹ̀. Mo bá wọn ṣe àmín.

Ìyá Fúnkẹ́ ò fẹ́ ọkọ míì. Nínú iṣẹ́ tó rán sí mi, ó dúpẹ́ pé mo fún ọkọ òun lóúnjẹ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn ṣì ń dun òun, pé kí n bá òun gbàdúrà kí òun lè dárí jì í.

Tí mo bá sọ òótọ́, á mọ̀ pé ẹni tó mú ìlérí ṣẹ ni òun kọ̀ sílẹ̀. Tí mi ò bá sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni màá ṣe kúnlẹ̀ ti obìnrin yìí, kó máa dárí ẹ̀ṣẹ̀ mi ji òkú?