Ìdérí Fisabilillahi Lórí Àpótí Ẹja

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó jí wa sáyé, ìkẹ́ Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tẹ fóònù lẹ́yìn yẹn, ọ̀rọ̀ amánà, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ẹni, la fẹ́ sọ lónìí. Ohun tí wọ́n bá ti yọ̀ǹda fún Ọlọ́hun, ta ló láṣẹ láti gbé e lọ sílé? Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín!

Alhaji kan wà tó ń jẹ́ Badirudeen. Ọmọ ẹ̀ gbé àpótí gíláàsì ńlá kan wá sí pálọ̀ ẹ̀, ó kó ẹja aláràbarà sí i. Ṣé ẹja sísìn burú ni? Rárá o. Ṣùgbọ́n àpótí yẹn ò ní ìdérí. Ẹja ń fò jáde, bí Alhaji bá sì jí láàárọ̀, òkú ẹja ni yóò bá lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó dùn ún wọra. Agégíláàsì wá wọ̀n ọ́n, ó ní iye tóun máa gbà. Alhaji ní, "Nítorí ìdérí lásán? Máa lọ!" Ahun ni, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe ń jẹ́.

Ó ń ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ kejì, ni ojú ẹ̀ bá lọ sára ìdérí táǹkì omi. Ike tó nípọn, tó mọ́ gaara ni. Ìyá arúgbó kan, Ìyá Séfíátù, ló ṣe é ní sàráà fún ọkọ ẹ̀ tó ti kú, kí láádá ẹ̀ lè máa bá a ní sàréè. Ó ní kí wọ́n fi irin gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan sí i ní kéú, lẹ́tà Lárúbáwá: fisabilillahi.

Alhaji kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Fisabilillahi? Ọ̀fẹ́ náà nìyẹn! Mùsùlùmí sì lèmi náà." Ẹ gbọ́ mi o! Torí pé ẹnu wa ti mọ́ ọn láti máa pe ohun ọ̀fẹ́ ní fisabilillahi, ó gbàgbé pé ojú ọ̀nà Ọlọ́hun ló túmọ̀ sí. Ó ti ìdérí bọ abẹ́ agbádá, ó di ilé. Ó sì bá àpótí ẹja mu wẹ́kú.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ládàánì fa òkú eku jáde nínú táǹkì. Omi tí àwọn èèyàn fi ń yọ ẹnu! Ìyá Séfíátù jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún: "Láádá ni mo fẹ́ kó máa bá ọkọ mi, wọ́n ti já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀." Badirudeen wà níbẹ̀ o. Nígbà tí lèmọ́mù ní kí Ọlọ́hun tú àṣírí ẹni tó gbé e, àmín tiẹ̀ ló ròkè jù. Àbí ẹ ò rí àyà bí ọkùnrin yìí?

Àdúà gbà. Ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ ọmọ ẹ̀ lórúkọ, pálọ̀ kún fún ará mọ́ṣáláṣí. Ọmọ ẹ̀ ti ra iná tuntun sínú àpótí, ó tàn án kí àlejò lè rí ẹja. Iná gba abẹ́ ìdérí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sí i bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yòò. Lèmọ́mù kà á. Ládàánì kà á. Ìyá Séfíátù dìde.

Òógùn bo Alhaji. "Ìyá, fisabilillahi lẹ kọ sí i. Ṣé èmi kì í ṣe ará mọ́ṣáláṣí ni?"

Ìyá wò ó, ó wo àpótí. "Alhaji, mi ò bá yín jà. Ẹ kàn bá mi bi àwọn ẹja yín: ìrun wo ni wọ́n fẹ́ fi àlùwàlá yẹn kí?"

Badirudeen fúnra ẹ̀ ló gbé ìdérí náà rù padà sí mọ́ṣáláṣí lọ́sàn-án gangan, tòun ti láwàní, gbogbo àdúgbò ń wò ó.

Ẹ̀yin tí bútà mọ́ṣáláṣí wà nílé yín ńkọ́? Ẹni tó tẹ́ ẹní mọ́ṣáláṣí sí yàrá ńkọ́? Ẹ má wo ẹnìkejì yín, ẹ̀yin ni mò ń bá wí! Ọlọ́hun, fi ẹsẹ̀ wa lé ọ̀nà tó tọ́. Ohun tó jẹ́ Tìrẹ, má jẹ̀ẹ́ kó wà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ tí O bá pè wá. Àmín.