Èmi Ni Mo Ń Yí Nọ́ńbà Ìwé Padà

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sunkún, mi ò tíì kú. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè gbé lọ sí sàréè, ó sì ti ń kán mi lójú. Ẹ̀yin náà wà níbí lánàá nígbà tí ọ̀gá ilé ìkàwé wá kí mi, tó bẹ ọmọ àbúrò mi yìí pé kó padà wá sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀: "Èmi kẹ̀? Orí mi ò pé tó bẹ́ẹ̀ mọ́." Irọ́ ni o. Orí rẹ̀ pé. Èmi ni mo sọ ọ́ di báyìí.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi ni mo ń tọ́jú káàdì nígbà náà. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, nọ́ńbà ara káàdì ló ń sọ pẹpẹ tí ìwé wà. Bàbá Káàdì ni wọ́n ń pè mí, orí mi sì ń wú. Àfi bí kọ̀ǹpútà ṣe dé, tí wọ́n ní kí ọmọ yìí tẹ gbogbo káàdì mi sínú rẹ̀, kí wọ́n wá kó dúrọ́ọ̀ dànù. Bẹ́ẹ̀ èmi náà ni mo wá iṣẹ́ ọ̀hún fún un! Ọ̀rọ̀ mi ò yé èmi gan-an.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó tì mí, màá kọ́ yín, kí wọ́n má baà ní ẹ ò wúlò mọ́." Ó fi sùúrù kọ́ mi. Ó sọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ fún mi. Lójú àwọn èèyàn, mo ń ṣe bí ẹni tí ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n tó bá ti lọ jẹun ọ̀sán, màá jókòó, màá yí nọ́ńbà padà. Mo darí ìwé ìṣègùn sí pẹpẹ ìtàn, mo gbé ìwé oko lọ sọ́dọ̀ àwọn lọ́yà. Ohun tí mo ní ọjọ́ ogbó ò jẹ́ kí n lè kọ́, mo kọ́ ọ yanjú kí n lè bà á jẹ́. Ó tiẹ̀ ń dùn mọ́ mi. Kí ló ń dùn níbẹ̀? Mi ò mọ̀.

Àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Lọ́jọ́ kan, ó fi báírò kọ nọ́ńbà ìwé kan sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó jáde. Ó dé, ti kọ̀ǹpútà ti yàtọ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi. "Bàbá, ẹ wò ó. Ṣé mo ti ń ya wèrè ni?" Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ìwọ lo kọ ọ́ ní àṣìṣe. Orí ẹ ti ń dàrú." Mo tún lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá lójú rẹ̀, mo ní láti kékeré ló ti ń ṣe é. Ìkà ni mí! Ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́, ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ gbìyànjú fún mi."

Láti ìgbà náà, tó bá ti ilẹ̀kùn, á padà lọ wò ó. Tó bá fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, á ní kí ìyá rẹ̀ tọ́ ọ wò kó tó gbà pé òun fi sí i.

Àbúrò mi, bú mi, ó tọ́ sí mi. Ìwọ ọmọ mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ irú àforíjì yìí. Jọ̀ọ́, lọ gba iṣẹ́ náà. Kí ló dé tó o fi ń wo ojú ìyá ẹ? Má bi í. Má bi ẹnì kankan. Ohun tó o gbọ́ yẹn gan-an ni mo sọ.