Wáyà tí mo sun nínú iná àgbẹ̀dẹ Bàámi

Kò là! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, irin yẹn ò là o! Bàámi lù ú, ó gùn. Wọ́n tún lù ú, ó fẹ̀ bí ahọ́n màlúù. Mò ń pariwo, mò ń sunkún. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá mi yọ̀. Nǹkan wà nínú mi, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri.

Alágbẹ̀dẹ ni Bàámi, ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdírì, fóònù ń wù mí. Mo wá ṣa wáyà bàbà jọ kí n tà á fáwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọn kì í fẹ́ ẹ pẹ̀lú rọ́bà lára. Bàámi lọ sóko, ni mo bá kó wáyà náà sínú iná àgbẹ̀dẹ kí rọ́bà ẹ̀ lè jó. Mo fẹ́ná jù. Wáyà yọ́, ó ṣàn wọnú èédú. Mo fi eérú bò ó, mo panu mọ́.

Látọjọ́ náà, àdá tí Bàámi bá ti yọ nínú iná yẹn, tí wọ́n bá ti fi òòlù kàn án, ńṣe ló ń là.

Ẹ̀gbọ́n Bàámi wò ó, wọ́n ní, “Àbúrò, Ògún ti kẹ̀yìn sí ẹ. Kí lo ṣe fún un?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ o.”

Wọ́n bọ Ògún, irin ṣì ń là. Bàámi ti àgbẹ̀dẹ pa, wọ́n lọ ń ṣọ́ géètì n'Ìjẹ̀bú-Òde. Tí wọ́n bá dé, èmi ni mo ń bu omi fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi ò gbà á.

Láìpẹ́ yìí ni mo rí ìlà pupa bíi bàbà lójú ibi tí àdá kan ti là. Mo gbé e lọ bá olùkọ́ kan tó mọ̀ nípa irin ní yunifásítì tó wà n'Ìjagun. Wọ́n ní hóró-hóró ni irin wà nínú, bíi gàrí tó dì mọ́ra. Tó bá gbóná, bàbà tó yọ́ á wọ àárín àwọn hóró náà, wọn ò ní lè di ara wọn mú mọ́. Irin tó yẹ kó gùn, á là.

Mo kó èédú àtijọ́ dànù, mo gbẹ́ ojú iná, mo da yẹ̀pẹ̀ tuntun sí i. Lánàá, mo bẹ Bàámi kí wọ́n dán ẹyọ kan wò.

Irin ò là. Ẹ wo ijó Bàámi! “Ògún ti dárí jì mí o! Ẹ bá mi pe ẹ̀gbọ́n mi!”

Dárí jì wọ́n lórí kí ni? Ẹ̀yin kan á ní kí n dákẹ́, kí n má ba ayọ̀ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti sú mi.

Láàárọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n wọn gbé àkùkọ dé láti fi dúpẹ́ àforíjì. Kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ, mo kúnlẹ̀, mo kó bàbà tí mo gbẹ́ jáde sílẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì.

“Bàámi, Ògún ò bínú sí yín rí. Èmi ni mo sun wáyà nínú iná yín.”