Ọlọ Aáṣáà Tó Wà Lábẹ́ Tábìlì Mi

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ẹkún ni mo wá sun fún yín. Inú ń bí mi sí ìyálé mi, inú ń bí mi sí ọkọ mi, inú ń bí mi sí irin kan báyìí tó wà lórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbínú náà, orí èmi fúnra mi ló ń padà sí. Ó di ọjọ́ mẹ́ta lónìí tí ìyá ọkọ mi ti panu dé. Omi nìkan ni wọ́n ń gbà. Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ síwájú wọn, wọn á wò mí, wọn á bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, wọn á kọjú sí ògiri. Ìbéèrè yẹn ló ń pa mí kú lọ.

Ìwó níhìn-ín ni mo wọlé ọkọ sí. Mi ò kàwé. Bíbélì ni mo fi kọ́ ara mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí tí mo fi lè ka odidi orí kan láìfọwọ́ tọ́ ọ. Aṣọ ni mo ń tà. Káfíńtà ni ọkọ mi, ìjọ Onítẹ̀bọmi la jọ ń lọ. Nígbà tí eyín Màmá tán lẹ́nu, ẹ̀kọ nìkan ló kù tí wọ́n lè jẹ, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rù, apá wọn dà bí igi ìdáná. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún mi pé kí n máa lọ èso fún wọn, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kí n po òfìo àti oyin mọ́ ọn, kí wọ́n máa mu ún. Ọ̀rọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n ta ló lè lọ ìbẹ́pẹ lórí ọlọ tí a fi ń lọ ata láti ọjọ́ táláyé ti dáyé? Gbogbo bí mo ṣe fọ̀ ọ́ tó, bí Màmá bá ti mu ún, ikọ́ á dé, omi á dà lójú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ẹ̀rọ ìlọta yẹn ní Ìbàdàn nígbà tí mo lọ ra aṣọ. Orí itan ni mo gbé e lé nínú lọ́rì títí tí a fi dé ilé, bí ẹni gbé ọmọ.

Irin ni, ó ní ẹnu lókè bí àrọ tí a fi ń rọ epo, ó ní ikùn, ó ní apá kan tí a ń fi ọwọ́ yí, wọ́n sì ṣe é kí a lè dè é mọ́ etí tábìlì. Ọjọ́ tí mo gbé e dé, gbogbo agboolé ló pé lé e lórí. Ìyálé mi bi mí pé, "Ìyàwó, ṣé ó máa ń jẹun?" Mo ní, "Ìyá Àdùkẹ́, jíjẹ ló ń jẹ o, kì í gbé e mì ni!" A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ rántí ẹ̀rín yẹn. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rọ yẹn ń gbé nǹkan mì.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Mi ò purọ́ èyí. Láàárọ̀, bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ, wọn á ti jókòó sórí ẹní, wọn á máa pọ́n ètè lá. Wọn á ní, "Ìyàwó mi, ìwọ lo tún bí mi." Orí mi wú, mo gbéra ga, èmi náà mọ̀ ọ́n.

Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni tábìlì. Ọkọ mi ló kàn án, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú! Ẹ gbọ́ mi, káfíńtà, ẹni tí gbogbo Ìwó ń gbé iṣẹ́ fún, tábìlì ilé rẹ̀ ń mì bí arúgbó. Bí mo bá yí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, tábìlì á fò lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún un, ó ní lọ́la. Mo tún sọ, ó ní ṣé òun ò ní sinmi ni. Nígbà tó sú mi, mo wá òkúta tí mo lè fi gbé e. Ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí ọlọ kékeré kan, pẹlẹbẹ. Mo tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó bá a mu rẹ́gí. Mo ta aṣọ bo tábìlì náà títí dé ilẹ̀. Tábìlì ò mì mọ́.

Ọlọ ìyálé mi ni. Mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló fẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n náà ti kú, aáṣáà ló ń lọ̀ tó ń tà ní Olúpọ̀nnà àti Ilé-Ogbó, òun ló fi ń jẹun. Nínú agboolé wa, ọlọ aáṣáà ò gbọ́dọ̀ pàdé ọlọ ata. Ewé tábà àti kán-ún kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi sọ́nà ọ̀fun. Kódà omi tí wọ́n bá fi fọ ọlọ yẹn, inú kòtò jíjìn lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń dà á sí, kí adìẹ má baà mu ún. Gbogbo wa la mọ èyí. Ṣé èmi ò mọ̀ ọ́n ni?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo ń lọ òfìo lọ́wọ́, ìyálé mi dé. "Ìyàwó, o ò bá mi rí ọlọ mi?" Ẹ sọ fún mi, kí ló yẹ kí n sọ ju "Òun rèé o, ẹ má bínú" lọ? Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀rọ kún, ọwọ́ mi dọ̀tí, mi ò fẹ́ tú tábìlì palẹ̀. Mo ní, "Ìyá Àdùkẹ́, ayé ti là! Ta ló tún ń jókòó ti òkúta? Ẹ̀rọ nìyẹn, ẹ fi lọ̀ ọ́, kò ní bù yín jẹ." Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé o ti sọ ọ́?" Mo ní, "Mo ti sọ ọ́." Àwa méjì la wà níbẹ̀, àti Màmá lórí ẹní wọn, tí gbogbo wa ń sọ pé etí wọn ti di. Ẹyin lohùn o. Tèmi ti bọ́ sílẹ̀, mi ò tilẹ̀ gbọ́ nígbà tó fọ́.

Lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyálé mi kó ewé tábà sínú ẹ̀rọ mi, ó lọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́ o! Ó da omi sí i lẹ́nu, ó fi ọwọ́ gbá a bí ẹni ń gbá ọlọ, omi jáde, ó rò pé ó ti mọ́. Inú ń bí mi níbí yìí! Ọlọ ò ní ikùn. Ohun tí òkúta bá lọ̀, gbangba ló wà lójú rẹ̀. Irin ní ikùn tí a gbọ́dọ̀ tú kí a tó lè fọ̀ ọ́. Ta ni kò béèrè? Ta ni kò sì sọ fún un?

Láàárọ̀ ọjọ́ Monday, mo lọ ìbẹ́pẹ fún Màmá. Mo gbọ́ òórùn aáṣáà díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló máa ń rùn ún. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Ó korò, ìyàwó mi." Mo fi oyin kún un. Mo ní, "Ẹ mu ún, Màmá, ara yín ló wà fún." Mo di ife náà mú sí wọn lẹ́nu títí tó fi tán. Ọwọ́ mi yìí náà ni. Kò pẹ́, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń bì, wọ́n ṣubú sẹ́yìn. A rọ epo sí wọn lẹ́nu, a gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ọkọ mi tó béèrè ohunkóhun, ó ti dúró sí gbàgede, ó ń pariwo: "Kí lo fún ìyá mi mu? Apani!" Èmi! Èmi tí mo gbé ẹ̀rọ lórí itan láti Ìbàdàn! Gbogbo àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ló dúró. Inú bí mi, mo já wọlé, mo tú ẹ̀rọ náà níṣojú wọn. Aáṣáà dúdú lẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀ bí amọ̀. Mo kígbe, "Ẹ wá wo apani o!" Gbogbo ojú bá yí sí ìyálé mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, baálé pe ìpàdé. Ìyálé mi kúnlẹ̀, ó ní, "Mo fọ̀ ọ́. Òun ló sì ní kí n lò ó, nígbà tí mi ò rí ọlọ mi." Wọ́n bi mí. Wọ́n gbé Bíbélì dé, Bíbélì tèmi, èyí tí mo fi kọ́ ìwé. Mo gbọ́wọ́ lé e. Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnì kan ní, "Ọlọ a máa sọnù? Ṣé ó lẹ́sẹ̀ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìṣísẹ̀ méjì péré ló wà láàárín ibi tí a jókòó sí àti ọlọ náà. Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ní kí ó kó ẹrù rẹ̀, kí ó padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Kuta. Opó! Ọkọ mi bẹ̀ mí, ó ra ìró fún mi. Mo gbà á.

Ọlọ́run yọ Màmá. A gbé wọn padà wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá. A kò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ káàkiri. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo gbé ẹ̀kọ dé. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyálé rẹ ńkọ́?" Mo ní ó lọ sí Kuta. Wọ́n ní, "Ọlọ rẹ̀ ńkọ́?" Etí tí a ní ó ti di ló gbọ́ gbogbo rẹ̀! Láti ìgbà náà, ìyálé mi nìkan ni wọ́n ń béèrè. Wọn ò fi mí sùn. Ìbá sàn kí wọ́n fi mí sùn! Wọ́n kàn kọ̀, wọn ò jẹ, omi nìkan ni wọ́n ń mu, eegun wọn ti tún ń yọ. Ọkọ mi ní àìsàn náà ló tún padà. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn. Irọ́ lè sáré lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé oṣù kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra nǹkan ayé òde òní sílé, ẹ gbọ́ tèmi. Kí ẹ tó kó ti àtijọ́ dànù, ẹ bi ẹni tó ń fi í jẹun. Bí ẹ bá sì rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ jáde lẹ́nu yín nítorí àtifi ọ̀làjú ṣe fújà, ẹ fi ọwọ́ bò ó.

Láàárọ̀ yìí, mo ká aṣọ tábìlì náà sókè, mo yọ ọlọ náà. Mo fọ̀ ọ́, mo dì í sínú ìró tuntun tí ọkọ mi rà. Tábìlì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọkọ mi ní, "Kí ló ṣe tábìlì yìí?" Mo ní kí ó dúró dè mí, bí mo bá dé láti Kuta, màá sọ fún un níwájú baálé. Mo mọ ọ̀nà, mo mọ ilé, mo mọ ohun tí mo máa jẹ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò mọ̀, òun ni mo fi ń bẹ̀ yín. Ìyálé mi ì bá ti bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ì bá ti tú ẹ̀rọ yẹn wò. Mo ṣì ń bínú sí i, bí mo ṣe ń gbé ọlọ rẹ̀ rù yìí. Ẹ sọ fún mi, báwo ni ènìyàn ṣe ń kúnlẹ̀ fún ẹni tí inú ṣì ń bí i sí?