Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Gba Ìbò Lọ́wọ́ Bàbá Yín Àgbà

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo ń wọkọ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀rà... ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà ṣe ọ̀dọ́ rí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, ọkọ mi, bàbá yín àgbà, ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ agbádá funfun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán. Télọ̀ ni wọ́n. Wọ́n ń lọṣọ, wọ́n ń na ìka sí ẹ̀rọ ìránṣọ bí ẹni pé òun ni alátakò wọn: "Alàgbà, omi ẹ̀rọ dà? Ẹ dá wa lóhùn!" Ẹ̀rọ ò fọhùn. Wọ́n yíjú sí mi: "Ìyá Sùrá, ṣé o rí i? Mo ti borí."

Ẹ gbọ́, ayé sójà ni. Wọ́n ní kí á dìbò yan kánsẹ́lọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹnu nìkan ló kù. Ni wọ́n bá ní kí àwọn tó ń du ipò ní àdúgbò wa wá sọ̀rọ̀ ní pápá ilé ẹ̀kọ́. Omi ló ń dùn wá jù. Lẹ́ẹ̀rùn, ẹ̀bá odò ni àwa obìnrin ń jókòó sí, títí omi á fi sun jọ. Bàbá yín ní bí àwọn bá wọlé, ẹ̀rọ omi á dé ẹnu ọ̀nà wa. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo tilẹ̀ ti yan ibi tí n ó gbé bókẹ́ẹ̀tì sí.

Bàbá Ajílẹ́yẹ ni wọ́n jọ ń du ipò náà. Ó tó bàbá bí ọkọ mi. N ò ní fi "wọn" pè é o. Ó ti gba gbogbo ọ̀wọ̀ tirẹ̀ tán lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá yín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Háà, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu wọn! Omi wà níbí, páìpù á gba ọ̀hún. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Tíṣà àgbà di agogo ilé ẹ̀kọ́ mú, tí àkókò ẹnìkan bá pé, á lù ú.

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá Ajílẹ́yẹ dé. Ó pẹ́ ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́? Kí ni ọmọ Ìlá tí wọ́n kọ́ nílé máa ṣe? Bàbá yín gbé makirofóònù sílẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀ pupa.

Tí àgbà ò bá sì tíì dáhùn, ṣé wàá dìde ni? Bàbá Ajílẹ́yẹ ò wolẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó gbé makirofóònù. "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kú oòrùn. Ìyá Àlíjà, ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́? Lèmọ́ọ̀mù wa, àwọn ará ilé dáadáa?" Kò sí agboolé tí kò kí. Ó kí àwọn tó ti Èkó wá ṣọdún. Ó kù díẹ̀ kó kí ewúrẹ́.

Ẹnìkan kígbe: "Bàbá, ẹnìkan wà nílẹ̀ o!"

Òmíràn ní, "Fi í sílẹ̀, omi ló ń wá níbẹ̀!"

Pápá dàrú fún ẹ̀rín. Tíṣà lu agogo. Àkókò bàbá yín ti tán.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Ajílẹ́yẹ tó wolẹ̀. "Háà! Làmídì ọmọ mi, ṣé ibẹ̀ lo wà? Dìde, dìde. Wàá gbó, wàá tọ́."

Kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa omi. Òun ló wọlé.

A délé, inú ń bí mi. "Kí ló dé tí ẹ ò dìde?"

"Ta ló máa dìbò fún ẹni tó dá ara rẹ̀ dìde lójú àgbà, ní Ìlá yìí?"

 Wọ́n na agbádá sí mi pé kí n fọ̀ ọ́. Mo ní, "Omi wo?"

Ẹ̀yin tòní, mo ń rí yín nínú fóònù. Ẹ ń jágbe, ẹ ń na ìka sójú ẹni tó bí yín lọ́mọ, ẹ ní òṣèlú lẹ ń sọ. Ẹ ò dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ẹ ò sì tún sọ ibi tí páìpù máa gbà.

Ìwọ Rásákì tó ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́la, gbọ́. Láàárọ̀, lọ kí bàbá tẹ́ ẹ jọ ń du ipò nílé rẹ̀. Ibẹ̀ ni kó o ti dọ̀bálẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ rí i, kí bàbá fúnra rẹ̀ ní kó o dìde. Tó o bá dé pápá, orí ìdúró ni kó o wà. Tí wọ́n bá bi ọ́ nípa omi, sọ̀rọ̀ omi.

Bàbá Ajílẹ́yẹ ti lọ. Bàbá yín náà ti lọ... Omi odò la ṣì ń pọn.

Agbádá yẹn wà nínú àpótí mi. N ò fọ̀ ọ́. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ṣì wà láyà rẹ̀.